Ùmú àti Ẹ̀rọ Tí Kò Dé Fìlà

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Ògúnsanwó bá Ummulkulthum sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Ìbáwí ni.

Pákó afàrà gígùn kan ló ń là lórí ẹ̀rọ ayùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà, nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Òwu, l'Abẹ́òkúta. Ẹ̀rọ ń ké, lẹ́búlẹ́bú igi gba gbogbo afẹ́fẹ́. Bó ṣe gbójú sókè, ó rí ọmọbìnrin kan tó ti wọlé dúró ti tábìlì ẹ̀rọ. Híjáàbù ọmọbìnrin náà gùn dé ìbàdí, afẹ́fẹ́ sì ń gbé etí rẹ̀ sókè sódò. Díẹ̀ ló kù kí ayùn gbá a mú.

Ògúnsanwó pa ẹ̀rọ. Kò la ẹnu títí ayùn fi yí dúró.

"Ẹ kó aṣọ yín mọ́ra, ẹ jọ̀ọ́. Ayùn kò mọ ìyàtọ̀ láàárín aṣọ àti pákó. Bó bá ti mú etí rẹ̀, orí ló máa fà wá."

Ọmọbìnrin náà kó aṣọ rẹ̀ mọ́ra lóòótọ́, ó fi há abíyá. Lẹ́yìn náà ló wá wo ẹ̀rọ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mo gbọ́. Àmọ́ ẹ̀rọ yín ló wà níhòòhò, ẹ wá ń bá aṣọ mi wí."

"Níhòòhò báwo?"

"Kò dé fìlà. Wọ́n máa ń fi irin kan bo ayùn lórí kí ọwọ́ má bàa kàn án. Níbo ni tiyín wà?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Ògúnsanwó lọ́nà méjì. Òótọ́ ni, ìyẹn ọ̀kan. Ó sì mọ ibi tí fìlà náà wà, kò sì sí lára ohun tó ń bá àlejò sọ.

"Ta ló kọ́ yín ní ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ?"

"Àlàájì Súnmọ́nù tó ń ta pákó ní Làfẹ́nwá nígbà kan ló bí mi. Àárín pákó ni mo ti kọ́ ìrìn."

Kò sí káfíńtà tó mọ ohun tó ń ṣe l'Abẹ́òkúta tí kò mọ Àlàájì Súnmọ́nù. Bàbá náà ti fi ọjà pákó sílẹ̀ nítorí àgbà, àmọ́ orúkọ wọn kò tíì kúrò níbẹ̀. Ọmọ wọn yìí, tí wọ́n ń pè ní Ùmú nílé, kọ́tìnì ló ń tà ní tirẹ̀. Pẹpẹ tí yóò máa to ọjà lé lórí ló wá ní kí Ògúnsanwó kàn fún òun.

Wọ́n sọ̀rọ̀ iṣẹ́, wọ́n fẹnu kò. Nígbà tí Ùmú dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà.

"Ẹ jẹ́ kí n bá ìka yín mẹ́wẹ̀ẹ̀wá níbẹ̀ nígbà tí mo bá padà wá o."

"Wọ́n á pé."

"Ẹ fi ti Ọlọ́run sí i."

Ó lọ. Ògúnsanwó wo ọwọ́ ara rẹ̀ kó tó tan ẹ̀rọ padà. Inú ń bí i sí ọmọbìnrin náà. Inú rẹ̀ sì dùn pé yóò padà wá. Ó yà á lẹ́nu pé méjèèjì lè wà nínú ènìyàn kan lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí ọ̀rọ̀ fìlà yẹn ṣe jẹ́ nìyí.

Ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Mọ́nsúrù ni Ògúnsanwó ti kọ́ṣẹ́, láti ìgbà tó ti fi ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ láìparí rẹ̀ ní abúlé wọn lẹ́bàá Wásinmi. Òun àti Ọládipọ̀ ni wọ́n jọ wà níbẹ̀, Ọládipọ̀ sì ni ẹ̀gbọ́n lẹ́nu iṣẹ́. Ibẹ̀ náà ni Ògúnsanwó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọ̀gá rẹ̀ kírun, tí ọ̀gá fi sọ ọ́ ní Yasir, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òrìṣà ni gbogbo ará ilé bàbá rẹ̀ ń bọ títí di òní.

Nígbà tí àìsàn dá ọ̀gá wọn dùbúlẹ̀, ó pe Ògúnsanwó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó ní òun fún un ní ẹ̀rọ ayùn. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí wọ́n ń pín irinṣẹ́, Ọládipọ̀ ní irọ́ ni, pé òun tí òun jẹ́ ẹ̀gbọ́n ló lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Àwọn àgbà gbè sẹ́yìn Ògúnsanwó. Ọládipọ̀ kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó mú sípánà, ó tú fìlà orí ayùn lójú gbogbo wọn, ó sì mú igi tí wọ́n fi ń ti pákó lọ sẹ́nu ayùn mọ́ ọn.

"Ẹ fún un ní ẹ̀rọ," ló wí. "Èmi mú fìlà rẹ̀."

Ó la ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sí ìsàlẹ̀ títì kan náà. Láti ìgbà náà, bí Ògúnsanwó bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn láàárọ̀, gọ́tà ló máa ń wò. Kí ènìyàn máa kọjá níwájú ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láìkí i kú iṣẹ́, èébú tó ju èébú lọ ni. Ògúnsanwó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí tó fi ń ṣe é nìyẹn.

Àwọn kan máa ń sọ pé kò dára kí ènìyàn ní ìkùnsínú. Ẹni tí wọn kò tíì rẹ́ jẹ rí ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ùmú padà wá. Ó ní òun wá wo ibi tí iṣẹ́ dé. Ó tún wá nígbà tí kò sí ohun tó yí padà lára iṣẹ́ náà. Nígbà tó yá, kò sọ ohun tó wá wò mọ́. Yóò kàn jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́yìn ibi tí Ògúnsanwó máa ń dúró sí, yóò máa jẹ ẹ̀pà, yóò sì máa bá a wí.

"Awò ojú yín dà?"

"Ó wà lórí mi."

"Ṣé iwájú orí lẹ fi ń ríran ni?"

Ògúnsanwó á fa awò náà wálẹ̀ bo ojú.

"Kí ni ìbọ̀wọ́ tẹ́ ẹ wọ̀ yẹn?"

"Kí ẹ̀ẹ́rún igi má bàa gún mi."

"Bàbá mi ní ẹni tó bá wọ ìbọ̀wọ́ dé ìdí ayùn, ìbọ̀wọ́ náà ni ayùn máa kọ́kọ́ gbá mú, á wá fi fa ọwọ́ wọlé. Ẹ bọ́ ọ, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀ẹ́rún ṣeé yọ."

Ó bọ́ ọ. Ẹlòmíràn kò tó bẹ́ẹ̀ láti bá Ògúnsanwó sọ̀rọ̀ báyẹn nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dára létí rẹ̀. Ó sọ ìtàn fìlà fún un, ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ùmú gbọ́ ọ títí, ó ń bó ẹ̀pà.

"Ẹ̀yin méjèèjì," ló kàn wí, ó sì mi orí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, iná lọ nígbà tí pákó wà láàárín ayùn. Ohùn ẹ̀rọ rẹlẹ̀, ó kú. Ògúnsanwó ṣe bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe. Ó pòṣé, ó bú àwọn oníná, ó sì na ọwọ́ láti yọ pákó tó há.

"Ẹ dúró ná."

Ùmú ti dìde. Ó lọ sídìí ògiri, ó fa púlọ́ọ̀gù ẹ̀rọ yọ, ó mú un dání bí ẹni mú orí ejò.

"Ṣé ẹ pa súìṣì?"

Ògúnsanwó wo súìṣì. Kò pa á.

Kò pẹ́ rárá tí iná fi dé. Ariwo ayọ̀ sọ ní títì bó ṣe máa ń sọ. Gílóòbù tàn lókè orí wọn. Ẹ̀rọ dákẹ́ níwájú wọn, nítorí púlọ́ọ̀gù rẹ̀ wà lọ́wọ́ Ùmú. Ọwọ́ Ògúnsanwó wà lórí pákó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ eyín ayùn.

"Ùmú."

"Ẹ wí."

"Mo fẹ́ràn rẹ."

"Ẹ kọ́kọ́ gbé ọwọ́ yín kúrò níbẹ̀."

Ó gbé e kúrò.

"Ẹ wá tún un sọ."

Ó tún un sọ. Ùmú ní òun náà fẹ́ràn rẹ̀, pé láti ọjọ́ tó ti bá aṣọ òun wí ni. Àmọ́ òun kò fẹ́ ọkọ tí òun yóò máa ka ìka rẹ̀ bó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ẹ̀rù ló ń bà á, ó sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ògúnsanwó ní kó má bẹ̀rù. Ohun tó rọrùn jù lọ láti sọ nìyẹn.

Bàbá Ògúnsanwó ti kú, nítorí náà ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, Bàbá Ifáṣèyí, ló wá láti abúlé láti bá a lọ sílé Àlàájì. Bí wọ́n ṣe ń lọ lójú ọ̀nà ni bàbá náà ń to ẹjọ́ sẹ́nu.

"Ìmàle ni wọ́n. Wọ́n á ní abọ̀rìṣà ni wá. Mo ti mọ ohun tí mo máa fi dá wọn lóhùn."

"Bàbá, mò ń kírun."

"Ìwọ lò ń kírun. Èmi ńkọ́?"

Àlàájì Súnmọ́nù gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Wọ́n fún wọn ní omi, wọ́n gbé mínírà síwájú wọn. Bàbá Ifáṣèyí kò tíì la ẹnu tí Àlàájì fi dáhùn ohun tí wọn kò bi wọ́n.

"Ìyá tó bí bàbá mi, Ọ̀ṣun ló bọ títí ó fi kú. Nínú ilé yìí náà ni. Ọmọ yín ń kírun, mo máa ń rí i ní Jímọ̀. Ti ẹ̀sìn kọ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ."

Bàbá Ifáṣèyí mí kanlẹ̀. Wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

"Na ọwọ́ rẹ kí n rí i," Àlàájì wí fún Ògúnsanwó.

Ó na ọwọ́ méjèèjì. Àlàájì dì wọ́n mú, wọ́n yí wọn síbí, wọ́n yí wọn sọ́hùn-ún, bí ẹni ń wo pákó bóyá kòkòrò ti jẹ ẹ́.

"Wọ́n pé. Ọwọ́ àwọn tí mò ń ta pákó fún náà pé nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ wọ́n. Ó dé ìgbà kan, bí wọ́n bá bọ̀ mí lọ́wọ́, mo ti mọ ẹni tó jẹ́ kí n tó wo ojú rẹ̀." Wọ́n fi ọwọ́ Ògúnsanwó sílẹ̀. "Àbúrò mi kan wà, káfíńtà ni. Ọwọ́ tirẹ̀ pé títí ó fi kú. Pákó ló ta padà láti ẹnu ayùn, ó bá a níkùn. Ùmú wà níbẹ̀. Ó kéré nígbà náà, àmọ́ kò kéré tó kó máà rántí."

Ògúnsanwó kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wo Ùmú tó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Ilẹ̀ ni Ùmú ń wò.

"Ó ní ẹ̀rọ rẹ kò ní fìlà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó ní o mọ ibi tó wà."

Ògúnsanwó tẹrí ba.

"Ọjọ́ tí fìlà bá dé orí ẹ̀rọ ni kí o wá mú ìyàwó rẹ. Bí a bá ṣe Iléyá tán tí kò tíì sí níbẹ̀, mo máa dá ẹlòmíràn lóhùn. Oníkọ́tìnì kan ti ránṣẹ́ láti Ìjẹ̀bú-Òde. N kò lè sin ẹni méjì sórí ọ̀rọ̀ ayùn."

Nígbà tí wọ́n jáde, Bàbá Ifáṣèyí rìn títí kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

"Gbogbo ẹjọ́ tí mo rò láti Wásinmi, ọ̀kan ò wúlò. Ọ̀rọ̀ fìlà lásán. Lọ gbà á."

"N kò lè lọ tọrọ ohun tó jẹ́ tèmi."

"Ògún tí a ń bọ nílé, ṣé o rò pé ó máa ń bi ìka léèrè ẹni tó jàre ni kó tó gé e?"

"Wọ́n rẹ́ mi jẹ, bàbá."

"Mo gbọ́. Kí o lọ sọ ọ́ fún ìyàwó oníkọ́tìnì."

Ògúnsanwó kò lọ. Ó lọ bá wẹ́lídà, ó ní kó rọ fìlà mìíràn fún òun. Wẹ́lídà ṣe é bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Irin rẹ̀ nípọn jù, ó wúwo, kò sì sí ibi tó dára tí wọ́n lè dè é mọ́. Bí ẹ̀rọ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, gbígbọ̀n ni yóò máa gbọ̀n bí eyín arúgbó.

Ùmú wá wò ó. Ó yọ púlọ́ọ̀gù ná, ó fi ìka kan ti fìlà náà. Ó ṣubú lé ayùn lórí, ó yí lọ sílẹ̀.

"Mo máa tún un dè," Ògúnsanwó wí.

"Bó bá já bọ́ nígbà tí ayùn ń yí ńkọ́? Ibo ló máa fò gbà?"

Ògúnsanwó gbé irin náà nílẹ̀.

"Ẹ lọ bá Bọ̀dá Dipọ̀."

"Má dárúkọ ọkùnrin yẹn nínú ṣọ́ọ̀bù yìí."

Ùmú kọjú sí i. Kò gbé ohùn sókè.

"Ẹ jí láàárọ̀, òun lẹ ń rò. Ẹ kọjá ní títì, torí rẹ̀ lẹ ṣe ń wo gọ́tà. Ẹ dé ibi iṣẹ́, òun lẹ tún ń bá jà nínú ọkàn yín. Ẹni tí ènìyàn bá ń rò tó báyìí, olólùfẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ lọ san owó orí rẹ̀, kí èmi máa lọ sílé mi."

"Ùmú, àyànfẹ́ mi."

"Àyànfẹ́ yín wà nísàlẹ̀ títì."

Ó lọ. Kò wá lọ́jọ́ kejì, kò sì wá lẹ́yìn ìyẹn. Ó rán ẹni tó wá kó pẹpẹ rẹ̀, onítọ̀hún kò sì jíṣẹ́ kankan.

Ògúnsanwó ń ṣiṣẹ́ lọ. Ọkàn rẹ̀ ń fà á sọ́dọ̀ Ùmú, ó sì ń bínú sí ọkàn náà. Bó bá gbé ìbọ̀wọ́ kan, á tún jù ú sílẹ̀. Bó bá fẹ́ la pákó, á fa awò wálẹ̀ sójú, á sì bojú wẹ̀yìn kí ẹni tó yẹ kó rí i lè rí i. Kò sí ẹnìkan lórí bẹ́ǹṣì. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé bí obìnrin bá fẹ́ni, kò ní fi fìlà dánni wò. Kò gba ara rẹ̀ gbọ́.

Àwọn Hausa bẹ̀rẹ̀ sí í so àgbò mọ́ ẹ̀gbẹ́ títì. Iléyá ti sún mọ́lé.

Ní ọ̀kan nínú àwọn ọjọ́ náà ni iná tún lọ, pákó àpá kan ṣì wà lẹ́nu ayùn. Ògúnsanwó pòṣé. Ó kúrò nídìí ẹ̀rọ, ó lọ bu omi mu nínú kúlà tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò pa súìṣì.

Ife ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí àdúgbò hó. Iná dé. Ẹ̀rọ ké, ayùn gbé pákó, ó sì ta á padà. Pákó náà kọjá níbi tí Ògúnsanwó ti dúró ṣáájú, ó lọ bá bẹ́ǹṣì. Bẹ́ǹṣì dá sí méjì.

Ògúnsanwó rìn lọ síbẹ̀. Pákó náà ti wọ inú igi bẹ́ǹṣì lọ, gẹ́rẹ́ níbi tí ènìyàn máa ń fi ẹ̀yìn tì. Èèpo ẹ̀pà Ùmú ṣì wà nílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ògúnsanwó kò tíì gbá a láti ọjọ́ tí Ùmú ti lọ.

Ó rántí àbúrò Àlàájì. Ó rántí pé ibi yìí gan-an ni Ùmú ń jókòó sí lójoojúmọ́, pẹ̀lú ohun tí ojú rẹ̀ ti rí, tó sì ń rẹ́rìn-ín.

Ó pa súìṣì. Ó fa púlọ́ọ̀gù yọ. Ó bọ́jú, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sísàlẹ̀ títì.

Nígbà tó dé iwájú ṣọ́ọ̀bù Ọládipọ̀, ọrùn rẹ̀ fẹ́ yí sí gọ́tà fúnra rẹ̀. Ó mú un dúró.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bọ̀dá Dipọ̀."

Ọládipọ̀ ń fi pépà dan ẹsẹ̀ àga. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Kò gbójú sókè.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni."

"Èmi ọmọ ta?"

"Ògúnsanwó."

"Mo rò pé o ti kú. Ẹnì kan tó jọ ọ́ kàn máa ń kọjá láàárọ̀, tó ń wá nǹkan nínú gọ́tà."

Ògúnsanwó gbé e mì. Ó wọlé. Fìlà náà wà lára ògiri, wọ́n fi ìṣó kọ́ ọ, eruku bò ó. Lábẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀rọ ayùn Ọládipọ̀ wà, ayùn tirẹ̀ náà wà níhòòhò. Nígbà náà ni Ọládipọ̀ gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ kúrò lára àga. Ìka ìfábẹ̀là kò sí níbẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e kò sì sí.

Ògúnsanwó kò lè gbé ojú kúrò níbẹ̀.

"Nígbà wo?"

"Ó ti pẹ́. Ó ti jiná, ṣé o ò rí i ni?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi."

"Ta ló fẹ́ sọ fún ọ? Wọ́n mọ̀ pé bí wọ́n bá dárúkọ mi, o máa ń tutọ́ sílẹ̀." Ọládipọ̀ jókòó sórí tábìlì. "Iná lọ. Mo fẹ́ yọ pákó. N kò pa súìṣì. Iná dé. O mọ bí wọ́n ṣe máa ń hó. Gbogbo wọn ń pariwo, èmi náà ń pariwo. Ó pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ pé igbe tèmi yàtọ̀."

Ògúnsanwó rántí pé òun náà máa ń bá wọn hó. Ó ṣeé ṣe kó hó lọ́jọ́ náà, lókè títì, pẹ̀lú ife omi lọ́wọ́.

"Fìlà wà lórí yín níbẹ̀ yẹn," ló wí.

"Kò bá ẹ̀rọ mi mu. Mo ti gbé e wò lọ́jọ́ tí mo ra ẹ̀rọ. Ihò rẹ̀ kò ṣe déédéé."

"Kí ló dé tí ẹ ò dá a padà, nígbà tí kò wúlò fún yín?"

"Kí ló dé tí o ò béèrè?"

Àgbò kan ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

"Bọ̀dá Dipọ̀, ọ̀gá fún mi ní ẹ̀rọ yẹn. Mo fi Ọlọ́run búra."

"Mo mọ̀. Mo mọ̀ látijọ́. Bó bá jẹ́ irọ́ ni, kò ní dùn mí tó bẹ́ẹ̀."

Ọládipọ̀ dìde. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé fìlà kúrò lára ìṣó, ó fi tòsì gbọn eruku rẹ̀ nù, ó sì nà án sí i.

"Ọmọ Àlàájì Súnmọ́nù, àbí? Mo ti gbọ́. Àwọn ènìyàn ń bá mi sọ̀rọ̀ ní tèmi."

"Ẹ ṣeun." Ògúnsanwó gbà á. Ó dúró. "Igi tí a fi ń ti pákó ńkọ́?"

"Igi wo?"

"Èyí tí ẹ mú mọ́ ọn."

"Èmi ni mo gbẹ́ ẹ."

"Èmi ni mo gbẹ́ ẹ, ẹ jọ̀ọ́. Igi ìrókò ni, mo rántí ọjọ́ náà."

"Ògúnsanwó, mú fìlà kí o máa lọ, kí n má bàa yí ọkàn padà."

Ó lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó de fìlà mọ́ ẹ̀rọ. Gbogbo ihò bá ara wọn mu. Ó ránṣẹ́ sí Àlàájì, wọ́n sì wá wò ó fúnra wọn, pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀ lọ́wọ́, nígbà tí Iléyá ku ọ̀la. Wọ́n fi ọ̀pá gbá fìlà náà lápá ọ̀tún, wọ́n gbá a lápá òsì. Kò mì. Wọ́n ní kí Ògúnsanwó la pákó kan. Ó bọ́ bùbá ọlọ́wọ́ gbọọrọ rẹ̀ sílẹ̀, ó fa awò wálẹ̀ sójú, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́, kò dúró sẹ́yìn pákó, ó sì la á. Ó pa súìṣì kó tó na ọwọ́ sí èyí tó là.

Àlàájì kò sọ pé ó dára. Wọ́n ní, "Ìgbà wo ni àwọn ará Wásinmi lè wá?"

Ùmú wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti fi etí híjáàbù rẹ̀ há abíyá kó tó wọlé. Òun kò wo fìlà. Bẹ́ǹṣì ló ń wò.

"Kí ló ṣe bẹ́ǹṣì mi?"

"Pákó ló ta bá a," Ògúnsanwó wí. "N kò pa súìṣì."

Ùmú lọ síbẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ibi tí igi ti fọ́. Omi lé ròrò sí i lójú. Ó dúró síbẹ̀ títí bàbá rẹ̀ fi jáde sí títì.

"Mo lọ kí Bọ̀dá Dipọ̀," Ògúnsanwó wí lẹ́yìn rẹ̀. "Ó ti pẹ́ tó yẹ kí n ti lọ. Má bínú, adúmáadán."

"Ẹ̀yin lẹ lọ, àbí ẹsẹ̀ yín ló gbé yín lọ?"

"Ẹsẹ̀ gbé mi lọ. Ẹnu mi ló kí i."

Ó rẹ́rìn-ín, omijé ṣì wà lójú rẹ̀. "Ẹ kan òmíràn fún mi," ló wí. "Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ lọ́tẹ̀ yìí."

Wọ́n so yìgì wọn lẹ́yìn Iléyá. Bàbá Ifáṣèyí kó èèyàn wá láti abúlé, wọ́n gbé iṣu wá, wọ́n jókòó nínú mọ́ṣáláṣí jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ti ń wá síbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ọládipọ̀ náà wá. Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè é, ó kàn jókòó sáàárín àwọn ará ọkọ. Nígbà tí wọ́n ń bọ ara wọn lọ́wọ́, Àlàájì Súnmọ́nù di ọwọ́ òsì tí Ọládipọ̀ fi gbe tọ̀tún lẹ́sẹ̀ mú, wọ́n dì í mú pẹ́, kí wọ́n tó gbójú wo ẹni tó ni ín. Ẹnu ayùn ni àwọn méjèèjì jọ rántí.

Ùmú kó kọ́tìnì rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọkọ rẹ̀. Wọ́n ń gbé pọ̀ dáadáa. Wọ́n máa ń jà, ó sì máa ń tán.

Ti Ọládipọ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa ní òun àti Ògúnsanwó di ọ̀rẹ́, wọn kò dì í. Ògúnsanwó ń kí i kú iṣẹ́ láàárọ̀, ó sì ń dáhùn. Ọ̀rọ̀ fìlà ti tán. Ọ̀rọ̀ igi ìrókò kò tíì tán. Ògúnsanwó ló gbẹ́ igi yẹn, ó sì ti gbẹ́ òmíràn, àmọ́ kò gbàgbé.

Nǹkan mìíràn náà tún yí padà. Bí iná bá lọ, ohùn Ùmú á gba ògiri kọjá.

"Baálé mi, súìṣì ńkọ́?"

"Mo ti pa á."

Bí iná bá sì dé, tí àdúgbò bá hó, Ògúnsanwó kì í bá wọn hó mọ́. Yóò jáde sẹ́nu ọ̀nà, yóò wo ìsàlẹ̀ títì. Yóò dúró síbẹ̀ títí Ọládipọ̀ náà yóò fi jáde, tí yóò gbé ọwọ́ oníka mẹ́ta sókè pé kò sí nǹkan. Lẹ́yìn náà, olúkúlùkù á padà sídìí ayùn rẹ̀.